Ohun Tí Epìyà àti Àrọ̀ Ń Jẹ, àti Bí A Ṣe Ń Fi Ìwọ̀ Mú Wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé ìwọ̀ lọ sí dáàmù Odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ti Erelú ní Ọ̀yọ́, tó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, kì í ṣe pé ẹja ò sí nínú omi. Ìdẹ àrọ̀ ló gbé fún epìyà, tàbí ó lọ ń wá àrọ̀ lọ́sàn-án gangan, tàbí ìwọ̀ rẹ̀ tóbi ju ẹnu tó fẹ́ kó gbé e lọ. Ẹnu ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: kí ló ń jẹ, ìgbà wo ló ń jẹ ẹ́, apá ibo nínú omi ló ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ okùn, òjé àti ìwọ̀ kàn.

Kí ẹ tó sọ ìwọ̀ àkọ́kọ́ sómi, ẹ lọ kí àwọn apẹja tó wà létí omi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá" kò náni ní kọ́bọ̀. Wọ́n á fi ibi tí àwọ̀n wọn wà hàn yín, kí ìwọ̀ yín má bàa fa àwọ̀n ẹni ẹlẹ́ni ya, wọ́n á sì sọ ibi tí igi rì sí fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù pẹ̀lú, nítorí omi tí ará ìlú ń mu ni.

Epìyà, ẹja ojú ọ̀sán

Oríṣi epìyà pọ̀, oúnjẹ wọn ò sì dọ́gba. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Coptodon zillii (Tilapia zillii ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), ewé ló fẹ́ràn jù. Á máa já ewé àti gbòǹgbò koríko etí omi jẹ. Sarotherodon galilaeus ń sẹ́ àwọn ohun aláwọ̀ ewé tíntìntín tó ń léfòó nínú omi jẹ, ìyẹn ni kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìwọ̀. Bí ẹ bá ń rí epìyà púpọ̀ nínú omi tó mọ́, tí ìkankan ò sì wo ìdẹ yín lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Ẹ sún kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, Oreochromis niloticus, kì í ṣa oúnjẹ: ohun tó ń yọ̀ lára òkúta, kòkòrò, èérún oúnjẹ, ẹrọ̀fọ̀ tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Òun àti zillii ni ìwọ̀ ń mú jù.

Ojú ni epìyà fi ń wá oúnjẹ, nítorí náà ọ̀sán ni tirẹ̀. Láti bí aago 8 òwúrọ̀ sí aago 11, àti láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí òòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀, ni ẹ máa rí i mú dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, omi máa ń tutù lóru, ara epìyà a sì wúwo lówùúrọ̀. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu kí aago 11 tó lù. Láti ìgbà yẹn sí aago 4, nígbà tí òòrùn ti jẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ni yóò máa jẹun.

Ohun kan máa ń tan àwọn tó bá dé etí omi ní ìdájí. Wọ́n á rí epìyà lójú omi tí wọ́n ń la ẹnu pà, pà, pà, wọ́n á rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Èémí ni wọ́n ń wá. Bí òòrùn bá wà, ewé inú omi ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ewé náà á dara pọ̀ mọ́ ẹja láti máa lò ó, kò sì sí èyí tó ń rọ́pò rẹ̀. Ìdájí ló máa ń kù díẹ̀ jù lọ. Ẹja tí ń wá èémí kò ní gbé ìdẹ, bó ti wù kí ìdẹ náà dùn tó. Ẹ jókòó, ẹ pọ́n ìwọ̀ yín, ẹ dúró de òòrùn.

Ibi tó yẹ kí ẹ dojú kọ ni etí ojú oró àti òṣíbàtà, ìdí igi tó wó sómi, àti ẹ̀gbẹ́ òkúta, níbi tí omi jìn tó mítà 1 sí 1.5. Ẹ jẹ́ kí ìdẹ bọ́ sí nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ewé. Bó bá bọ́ sínú ewé gan-an, okùn á lọ́. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, epìyà kì í fẹ́ jáde síta gbangba torí ẹyẹ àti ẹja ńlá.

Irinṣẹ́ epìyà ò wọ́n. Ọ̀pá ọparun tó gbẹ, tó gùn ní mítà 3 sí 4, tí orí rẹ̀ tín-ín-rín tó sì ń tẹ̀. Okùn ọ̀rá tó nípọn ní mìlímítà 0.20 sí 0.25 (wọ́n máa ń kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká a sí), kó gùn tó ọ̀pá náà, kó dín ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìwọ̀ nọ́mbà 10 tàbí 12. Nọ́mbà ìwọ̀ máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: bí nọ́mbà bá ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń kéré sí i, bó bá sì ṣe ń dín kù ló ń tóbi sí i, títí tó fi dé 1; lẹ́yìn 1, a ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ 1/0, 2/0, 3/0, àwọn yẹn sì ń tóbi sí i. Ẹnu epìyà kò fẹ̀. Ẹni tó fi ìwọ̀ nọ́mbà 2 dẹ epìyà ń bọ́ ọ ni, kò mú un.

Ẹ fún òjé kékeré kan, tó tó hóró ẹ̀wà, mọ́ okùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sókè ìwọ̀. Fún ohun tí yóò máa léfòó, ẹ gé ìtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì àtijọ́ tó orí àtàǹpàkò, ẹ lu ihò sí i, ẹ ki okùn gba ibẹ̀, kí ẹ fi igi ìtayín há a kó má bàa yọ̀. Ẹ máa gé e kù títí tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ lójú omi. Bó bá tóbi jù, epìyà á mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń fa òun, á tu ìdẹ náà dànù kí ẹ tó rí nǹkan kan.

Bí ẹ ṣe máa wọn ìjìn omi nìyí. Ẹ so òjé tó wúwo mọ́ ìwọ̀, ẹ sọ ọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́ dẹ. Bí sílípáàsì náà bá rì, ẹ sún un sókè lórí okùn; bó bá sùn sílẹ̀ gbalaja, ẹ sún un sísàlẹ̀. Nígbà tó bá dúró ṣánṣán tí orí rẹ̀ kan ojú omi, ẹ ti mọ ìjìn ibẹ̀. Ẹ yọ òjé ńlá kúrò, ẹ wá sún sílípáàsì náà sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ìdẹ lè so rọ̀ díẹ̀ sókè ilẹ̀ omi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń ya ẹni tó mú ẹja mẹ́wàá sọ́tọ̀ sí ẹni tó mú méjì.

Kókó okùn náà ṣe pàtàkì. Ẹ ki orí okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ọ mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ dá orí rẹ̀ padà gba inú ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, ẹ tún ki i gba inú ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le. Bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, ọ̀rá á fi ara rọ́ ara, á gbóná, agbára rẹ̀ á sì dín kù níbi kókó gan-an, ibẹ̀ náà ni yóò sì já nígbà tí ẹja tó nílàárí bá gbé e.

Ìdẹ epìyà: ekòló ni mo fi ṣíwájú. Ẹ wa ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ẹ kó ekòló sínú agolo pẹ̀lú ilẹ̀ tútù àti ewé díẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú oòrùn ti tó láti pa á. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ fi wọ ìwọ̀ tó bo gbogbo rẹ̀ àyàfi ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìrù ekòló gùn jù, epìyà á máa já ìrù jẹ, á fi ìwọ̀ sílẹ̀ fún yín.

Bí ekòló bá ṣòro lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ po ìyẹ̀fun. Ife fùláwà méjì, ife èérí ògì kan, ẹ̀kán epo pupa bíi mélòó kan, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ gún un tàbí kí ẹ fọwọ́ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àìpò dáadáa ló ń jẹ́ kó túká nínú omi. Ẹ̀bà ò dára fún èyí, kíá ló ń rọ̀. Ẹ mú un tó hóró ẹ̀wà, ẹ fi bo ẹnu ìwọ̀. Èérí tó kù, ẹ fi ẹrẹ̀ etí odò pò ó, ẹ ṣù ú bí ọsàn mẹ́ta, ẹ sọ wọ́n sí ojú kan ṣoṣo tí ìdẹ yín máa wà. Ẹrẹ̀ á gbé èérí rì, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, epìyà á péjọ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹja tó yó kò ní wo ìwọ̀.

Lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́, tí èsúnsún bá ń fò tí wọ́n ń já sómi, ẹ yọ òjé kúrò pátápátá, ẹ fi èsúnsún kan ṣoṣo wọ ìwọ̀, kó máa léfòó. Epìyà á wá gbé e lójú omi.

Nígbà tí ẹja bá dé ìdí ìdẹ, sílípáàsì á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Ẹ má fà á. Ó ń tọ́ ọ wò ni. Ìgbà tó bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìdúró, tàbí tó rì wọlé, ni kí ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé ọ̀pá sókè, díẹ̀, kíá. Ẹni tó bá fi gbogbo apá fà á á ya ẹnu ẹja náà.

Bí ẹ bá mú epìyà tí ẹyin tàbí ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a padà sómi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnu ni ìyá niloticus ń gbé ẹyin sí títí tí yóò fi pa, kì í sì í fẹ́ jẹun lásìkò náà. Zillii ní tirẹ̀ ń yé sílẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ibẹ̀. Á kọlu ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn, títí kan ìwọ̀ yín. Ó rọrùn láti mú un lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀: bó bá ti kúrò, àwọn ẹja mìíràn á kó ọmọ rẹ̀ jẹ tán.

Àrọ̀, ẹja alẹ́

Fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ẹja rọ́bà mú ẹja tí wọ́n ń pè ní bass pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti ń ra rọ́bà náà wá sí Odò Ọbà. Ojú ni bass fi ń ṣọdẹ. Á sá pamọ́ sí ìdí igi tàbí ewé, á máa wo ohun tó ń kọjá; bó bá ti sún mọ́ ọn, á la ẹnu ńlá rẹ̀ lójijì, omi á sì gbé ẹran náà wọlé. Ohun tó bá jọ ẹja, tó sì ń rìn bí ẹja, yóò tàn án. Ojú àrọ̀ kéré, inú omi dúdú ló ti ń rìn lóru. Irun mẹ́jọ tó yí ẹnu rẹ̀ ká ló fi ń tọ́ nǹkan wò, imú rẹ̀ sì mú púpọ̀. Rọ́bà tí kò ní òórùn kì í sábà dá a dúró. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ mú nínú fídíò yẹn ni pé ẹja tó ń pa ẹja jẹ kì í jìnnà sí ibi ìsápamọ́. Àrọ̀ náà ò jìnnà sí i.

Ohun tó ń jẹ pọ̀: akàn, ìṣáwùrú, kòkòrò inú omi, ẹja kéékèèké, àkèré, èso tó bọ́ sómi, òkú ẹran. Láti aago 7 alẹ́ sí ọ̀gànjọ́ ni kí ẹ wá a, kí ẹ tún gbìyànjú ní wákàtí kan ṣáájú ìdájí. Òru tí òṣùpá ò sí ló dára jù. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi pọ́n, tí epìyà ò rí nǹkan kan mọ́, inú àrọ̀ ń dùn: ìṣàn ti gbé ekòló àti kòkòrò wá. Ẹ lọ sí ẹnu ibi tí odò kékeré ti ń wọ dáàmù. Ní àkọ́rọ̀ òjò, àrọ̀ á máa gun orí odò lọ síbi tí koríko ti bọ́ sínú omi láti yé ẹyin. Ìgbà yẹn ni wọ́n pọ̀ jù. Èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹyin ń jáde lára rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló wà níkùn ọ̀kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ omi ni ìdẹ àrọ̀ ń sùn sí. Okùn 0.50 sí 0.60, ìwọ̀ 1/0 sí 3/0, òjé gíráàmù 20 sí 30 tó ní ihò láàárín. Ẹ ki òjé náà sórí okùn kó máa yọ̀, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ẹ so kókó sábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 sókè ìwọ̀, kí òjé má bàa yọ̀ dé ìdí ìdẹ. Ìdí tí a fi ń jẹ́ kí òjé yọ̀ ni pé bí àrọ̀ bá gbé ìdẹ, okùn nìkan ni yóò fà lọ, òjé á sùn sílẹ̀. Bí òjé bá so pinpin, á mọ̀ pé ohun wíwúwo kan wà lẹ́nu òun, á tu ú.

Ifun adìyẹ, ẹ̀dọ̀, tàbí ekòló marùn-ún sí mẹ́fà lórí ìwọ̀ kan. Ẹ̀dọ̀ rọ̀, ẹ fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ifun wà ní ibòji fún bí wákàtí mẹ́fà kó lè máa rùn díẹ̀. Bó bá jẹrà pátápátá, yóò já kúrò lórí ìwọ̀ nígbà tí ẹ bá sọ ọ́. Ọṣẹ líle tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran ṣe náà ń mú àrọ̀. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú lóròó. Kì í tètè tán, ẹja kéékèèké kì í sì í jí i jẹ, ìyẹn ló fi dára fún ìwọ̀ tí a dá sómi di ilẹ̀ mọ́.

Fún irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mú okùn líle mítà 45, ẹ so ogún ìwọ̀ mọ́ ọn, mítà 2 sí ara wọn, kí okùn kékeré tó so ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50. Àlàfo mítà 2 yẹn kì í ṣe àsọdùn: àrọ̀ tó bá há máa ń yí bírí-bírí, bí ìwọ̀ bá sì sún mọ́ra, gbogbo okùn á di ìdì kan. Ẹ so òkúta mọ́ orí méjèèjì, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré ṣe àmì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní aago 10 alẹ́ àti ní ìdájí. Ẹja tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ á jà títí ẹnu rẹ̀ fi máa ya.

Pẹ̀lú ọ̀pá, bí àrọ̀ bá gbé e, ẹ kà dé mẹ́ta kí ẹ tó fà, kí ẹ sì fà á gidi torí eegun ẹnu rẹ̀ le. Ìwọ̀ tó kú ò lè wọlé: ẹ fi ẹnu rẹ̀ ra èékánná àtàǹpàkò, bó bá yọ̀ tí kò há, ẹ pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀ rárá, torí ìdí igi ló ń sá lọ. Bó bá dé etídò, àwọ̀n ọlọ́wọ́ ni kí ẹ fi gbọ́n ọn; okùn tó gbé ẹja náà nínú omi lè má gbé e lókè.

Ẹ̀gún líle méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àrọ̀. Ẹ fi ọwọ́ dì í mú láti ẹ̀yìn orí, kí ìka wà lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì, tàbí kí ẹ fi akísà tútù dì í. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún kẹta lórí ẹ̀yìn. Bó bá gún yín, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Bó bá wú, ẹ lọ sí ọsibítù. Ti òjìjí yàtọ̀. Ẹja yẹn, tí ara rẹ̀ rí bọ̀lọ̀jọ̀ tí kò ní ẹ̀gún, iná ara rẹ̀ lè tó 300 fólítì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi irin kàn án. Ẹ gé okùn náà, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í padà sómi.

Nípa omi fúnra rẹ̀: ibi tí ìṣáwùrú kéékèèké bá pọ̀ ní etí omi, kòkòrò àtọ̀sí ajá lè wà níbẹ̀, láti aago 10 sí aago 2 ọ̀sán ló sì ń jáde jù. Ẹ wọ bàtà òjò gígùn, tàbí kí ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀ yín, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, oògùn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lóru, kó wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ má sì fi Gámálíìnì tàbí oògùn kankan pa ẹja láé: ó ń pa ọmọ ẹja àti oúnjẹ wọn pa pọ̀, omi náà sì ń bọ̀ wá sínú ìkòkò ẹnìkan ní ìgboro.

Bí ìdẹ bá ń lọ láìmọ̀, ìwọ̀ tóbi jù. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ ti pẹ́ jù kí ẹ tó fà. Bí okùn bá já láàárín dípò kókó, ó ti gbó; oòrùn ń jẹ ọ̀rá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Epìyà ń bàjẹ́ kíákíá. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yọ ìfun rẹ̀ àti ohun pupa tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ tò ó sínú yìnyín, tàbí kí ẹ fi ewé tútù bò ó ní ibòji títí tí ẹ ó fi délé. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè: omi tó bo ara rẹ̀ díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé orí rẹ̀ ti tó láti gbé e wá sílé láàyè. Ẹ ṣáà di orí kẹ́ẹ̀gì náà pẹ̀lú àwọ̀n, ẹ so ó pinpin. Yóò gbìyànjú láti jáde kí ẹ tó dé ilé.